Òkúta Ibojì Olójú Méjì ní Itẹ́ Òkú Brzezinek

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Młyńska,
Brzezinek.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2021.

Alága Ìgbìmọ̀ Ìlú,
Ọ́fíìsì Ìjọba Ìlú,
Gbàgede Ọjà,
Brzezinek.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ ÀTI Ẹ̀BẸ̀: KÍ Ẹ MÁ ṢE GBÉ ÒKÚTA IBOJÌ AUGUSTYNA RADYŃSKA KÚRÒ NÍ ÀYÈ RẸ̀

Orúkọ mi ni Melania Hryncewicz, dókítà àwọn ẹran ọ̀sìn tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí mọ̀ mí dáadáa. Màlúù wọn mọ̀ mí jù wọ́n lọ. N kò kọ ìwé ẹ̀hónú sí ọ́fíìsì ìjọba kankan rí, nítorí mo gbà pé ohun tí a bá lè fi ẹnu sọ, kí a fi ẹnu sọ ọ́. Mo ti fi ẹnu sọ èyí títí ó fi sú mi. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, àwọn òṣìṣẹ́ yín fẹ́ wá hú òkúta ibojì ìyá tó bí ìyá àgbà mi, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ara ògiri ìrántí tí ẹ kọ́ sí etí adágún, nítorí ẹ gbà pé ìdílé mi jí òkúta náà lórí sàréè ará Jámánì kan. A kò jí i. Mo bẹ̀ yín kí ẹ ka lẹ́tà yìí dé òpin kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni wá, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà ìrúwé tó kọjá. Àrùn kan mú àwọn igi ọgbà tó wà lẹ́yìn ìlà ibojì tó kángun sí odi, àwọn òṣìṣẹ́ yín sì gé wọn lulẹ̀. Bí igi ṣe kúrò ni ẹ̀yìn òkúta wa yọ sí gbangba, tí èmi fúnra mi kò rí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Lórí ẹ̀yìn náà ni wọ́n ti fi lẹ́tà Jámánì àtijọ́ gbẹ́ orúkọ kan: Auguste Radünz. Gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ nílùú yìí ló mọ ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń túmọ̀ sí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, tí ààlà yẹ̀ tí ìlú yìí fi kúrò lábẹ́ Jámánì bọ́ sábẹ́ Pólàǹdì, tí àwọn ará Jámánì sì kó lọ, òkúta ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan lọ hú òkúta àwọn tó ti lọ, wọ́n yí i padà, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ òkú tiwọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú, n kò sì ní purọ́ pé kò ṣẹlẹ̀ ní tiwa. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn rí òkúta wa, kò sí ẹni tó dúró de adájọ́. Ìyáàfin Zenobia Cyrek, tó ń ta òdòdó lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú, ló kọ́kọ́ kí mi lójú gbogbo ènìyàn: "Dókítà, ẹ kú ìgbádùn o! Àṣé orí ìrọ̀rí onírọ̀rí lẹ ti ń sùn látọjọ́ yìí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó dùn mí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń wá ìtàn ìdílé mi kiri. Ti bàbá mi kò le: láti ìlà oòrùn ni ọkọ̀ ojú irin ti kó wọn wá sí ìlú yìí lẹ́yìn ogun, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan àti àga ìdáná. Ti ìyá mi, níhà ọ̀dọ̀ ìyá tó bí wọn, ló ń yọ mí lẹ́nu. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni ohun tó wà lórí òkúta: Augustyna Radyńska. Mo lọ wo ìwé ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ìlú tó yí wa ká. Mo lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní olú ìlú ẹkùn, mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ń pa iná mọ́ mi lórí. N kò rí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Radyńska ṣáájú ogun. Síbẹ̀ mo ti ń yangàn káàkiri pé ọmọ Pólàǹdì ìpìlẹ̀ ni wá níhìn-ín, pé a ti wà nílẹ̀ yìí nígbà tí ó ṣì wà lábẹ́ Jámánì, a kò sì yí padà. Mo ya igi ìdílé sórí páálí ńlá, mo fi kọ́ ara ògiri pálọ̀. Ẹ̀ka ti Radyńska kò ní gbòǹgbò. Ó kàn yọ láti inú òfuurufú ni. Ìyá mi á wò ó, wọn á ní, "Ṣé o ti fún ológbò lóúnjẹ?" Mo rò pé ìtàn kò wù wọ́n ni.

Ní oṣù Keje, ọkùnrin kan wá láti Jámánì. Volkmar Radünz ni orúkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà ni, ó sì tó ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. Òun náà ń wá ìdílé tirẹ̀: ó ń wá sàréè Auguste, ìyá bàbá bàbá rẹ̀, tó mọ̀ pé ìlú wa ni wọ́n sin ín sí. Ó ti wá ṣáájú, ó sì ti kọjá níwájú òkúta yìí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n orúkọ Pólàǹdì ló ń rí, igi ọgbà sì bo èyí tó kù. Lọ́tẹ̀ yìí ó rí i. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún, ó ya fọ́tò, ó sì mú un wá sí ọ́fíìsì yín. N kò dá a lẹ́bi. Ohun tó bèèrè kò ju pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí òkúta náà fọ́. Ọ̀gbẹ́ni Seweryn Mazgaj, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àṣà ní ọ́fíìsì yín, ló sọ ọ́ di ayẹyẹ. Ó ti ṣètò ẹgbẹ́ afunfèrè, ó ti pe àlejò láti òkèèrè, ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì sílẹ̀, ó sì fẹ́ kí òkúta wa dúró láàárín gbogbo rẹ̀ kí Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ tó dé. Kò bi wá léèrè. Ó kàn rán ènìyàn lọ lẹ ìwé aláwọ̀ ìyeyè mọ́ iwájú òkúta pé: "Òkúta tí a gbà lọ́nà àìtọ́. Kí ẹbí kàn sí ọ́fíìsì."

Ìyá mi rí ìwé náà kí n tó rí i. Jadwiga ni orúkọ wọn, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni mo sì ti máa ń tì wọ́n lọ sí itẹ́ òkú lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n la ẹnu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Jámánì. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Jámánì kan lẹ́nu ìyá mi rí láyé mi. Mo rò pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n, mo sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní kò sí rọpárọsẹ̀ kankan. Ó ní nígbà mìíràn, tí arúgbó bá gba ìdààmú ọkàn, èdè tí ó kọ́kọ́ sọ lọ́mọdé a máa padà wá, èyí tó kọ́ lẹ́yìn a sì máa lọ. Mo ní èdè Pólàǹdì ni ìyá mi kọ́kọ́ sọ. Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé ajá rẹ̀ ti kú.

Láti ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ ni èdè Pólàǹdì ń kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n á bèèrè omi, màá gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì wá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi tọ́jú ẹran tí kò lè sọ ohun tó ń ṣe é, mo sì máa ń mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lójú mi, n kò gbọ́. Inú mi bàjẹ́, inú sì ń bí mi, n kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Nígbà tó yá, mo gbé ìgbéraga mi tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lọ bá ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó gbọ́ Jámánì tí ó sì wà nítòsí, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Radünz tó wọ̀ sí ilé àlejò etí adágún. Mo ní, "Ẹ wá bá mi gbọ́ ohun tí ìyá mi ń sọ." Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó mú àkàrà òyìnbó kan tó ní èso lórí lọ́wọ́, ó tẹ̀ lé mi.

Ó jókòó ti ibùsùn wọn. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n sì sọ nǹkan kan. Ife tíì tí mo gbé fún un bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ṣé ọmọ Emil ni mí."

"Emil wo?"

"Bàbá tó bí bàbá mi." Ó yíjú sí mi. "Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ orúkọ yẹn fún wọn?"

Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Ohun tí ìyá mi sọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí Ọ̀gbẹ́ni Radünz sì ń túmọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Òun náà ti fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́.

Auguste Radünz bí ọmọ méjì, Emil àti Klara. Klara fẹ́ Leon Prondziński, ọmọ Pólàǹdì ìlú yìí. Àwọn ni òbí ìyá mi. Nígbà tí ogun ń parí lọ, Emil kó ìyàwó àti ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin nínú yìnyín, ó sá lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Klara kò lọ, nítorí ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ dé pé a kò gbọ́dọ̀ rí èdè Jámánì níbikíbi mọ́, ì báà jẹ́ lára ṣọ́ọ̀bù, lára àwo oúnjẹ, tàbí lórí sàréè. Ìyá mi, tí wọ́n ń pè ní Hedwig, ni wọ́n sọ di Jadwiga. Ẹ̀rù ba Leon pé wọ́n á fọ́ òkúta ìyá ìyàwó rẹ̀, pé orúkọ náà á sì mú kí wọ́n wá gbé ìyàwó rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí gbogbo ìlú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ẹṣin àti ọ̀pá irin, ó hú òkúta náà, ó yí i padà, ó sì rì í síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni agbẹ́kùúta wá gbẹ́ orúkọ Pólàǹdì sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣófo.

Ìyá mi ló di ìjánu ẹṣin mú. Wọ́n ní, "Bàbá ní kí n máa kọrin fún ẹṣin kó má baà sá. Orin tí mo mọ̀ ni mo kọ. Bàbá fò wá, ó gbá mi létí. Kò gbá mi rí, kò sì tún gbá mi mọ́ títí ó fi kú. Ó ní, 'Láti òní lọ, Jadwiga ni ọ́, Jadwiga kò gbọ́ Jámánì.' Mo ní mo ti gbọ́." Wọ́n pa àdéhùn náà mọ́ lọ́dọ̀ bàbá wọn, lọ́dọ̀ bàbá tèmi tó jẹ́ ọkọ wọn, àti lọ́dọ̀ èmi ọmọ wọn. Wọ́n rí mi tí mo ń rìn kiri pẹ̀lú páálí mi, tí mo ń wá ìdílé tí kò sí níbì kankan, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Ó dùn mí, mo sì gbọ́ wọn yé.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Mazgaj. Ó fi sùúrù gbọ́ mi, ó ní, "Màmá, ìtàn yín dùn o, àmọ́ arúgbó ni màmá yín, ẹ sì mọ bí arúgbó ṣe ń ṣe. Òkúta kan ò lè jẹ́ ti òkú méjì." Mo ní òkú kan ni. Ó ní onímọ̀ ti wá yẹ òkúta náà wò. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo wà níbẹ̀ nígbà tí onímọ̀ náà wá. Ó dúró lókèèrè, ó kó ọwọ́ sí àpò, ó ya fọ́tò orúkọ, ó lọ. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá màlúù lóyún kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó. Lẹ́yìn òkúta náà, ewé igi ọgbà ti ń wọ́ jọ láti ọdún gbọọrọ, ó ti di iyẹ̀pẹ̀, ó sì ti bo ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Radünz gba àṣẹ lọ́wọ́ olùtọ́jú itẹ́ òkú, a sì fi ọkọ́ kékeré kó iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò. Ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú Auguste ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú kan náà ló wà lójú kejì fún Augustyna. Fọ́tò ojú méjèèjì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín bá mọ obìnrin méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n kú lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n sì jọ ní òkúta kan ṣoṣo, kó jọ̀wọ́ fi wọ́n hàn mí.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí n ti fura sí. Ní gbogbo Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, lẹ́yìn tí a bá ti tan àbẹ́là síwájú ibojì bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe, ìyá mi á mú àbẹ́là kan sí i, wọ́n á na apá sáàárín igi ọgbà, wọ́n á sì gbé e sẹ́yìn òkúta níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Igi á ha wọ́n lápá. Mo máa ń bínú pé kí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á ní, "Ti ẹni tí kò lẹ́ni ni." Mo rò pé òkú àìmọ̀ ni wọ́n ń ṣe àánú fún, bí àwọn àgbàlagbà wa ṣe máa ń ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè dúró. Ògiri etí adágún dára, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Òkúta tí sàréè rẹ̀ ti parẹ́ ló wà fún. Auguste kò parẹ́. Ó wà lábẹ́ òkúta rẹ̀. Ẹ fẹ́ gba òkúta lórí olóhun, kí ẹ lè fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Mazgaj ní ẹ ó fún wa ní òkúta tuntun tó ń dán. Orúkọ ta ni a ó kọ sí i? Ìyá mi kò jẹun dáadáa mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ka ìwé aláwọ̀ ìyeyè náà. Bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá lójú títì, wọ́n á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á bèèrè nǹkan kan, mo sì ti mọ ìtumọ̀ ìbéèrè náà báyìí láìsí ògbufọ̀: ṣé àwọn nìyẹn? Níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí a sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á kú kí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n tó pé, ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé wọn kò ní kú, tí wọ́n á fi rí i.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fagi lé gbígbé òkúta náà, kí ẹ sì yọ ìwé aláwọ̀ ìyeyè yẹn kúrò lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé ìròyìn ìlú tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìdílé Prondziński àti Hryncewicz kò jí ohunkóhun lórí sàréè ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Cyrek. Ẹ má gbin igi ọgbà síbẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba ẹ̀yìn òkúta náà kọjá. Ẹ sì fún mi ní ìwé àṣẹ pé ibẹ̀ ni a ó sin ìyá mi sí nígbà tí àkókò bá tó. Tí àwọn àlejò yín bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Radünz àti èmi yóò gbà wọ́n ní itẹ́ òkú, ẹgbẹ́ afunfèrè náà sì lè gbé fèrè wọn wá.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Radünz ti di ẹnu kan lórí ohun gbogbo. Ó fọwọ́ sí lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n a ti jà. Ó ní kí a yí òkúta náà padà kí orúkọ tí wọ́n sọ Auguste wà níwájú. Mo ní bí bàbá àgbà mi ṣe fi í sílẹ̀ ni yóò ṣe wà. Ó lu tábìlì, èmi náà lù ú. Nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì, a lọ bi ìyá mi. Wọ́n dá wa lóhùn, Ọ̀gbẹ́ni Radünz sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ìjọba ti mú kí a yí ìyá àgbà àwọn padà lẹ́ẹ̀kan. Kí ìjọba má tún yí i mọ́, kí àwa náà má sì yí i. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rí ojú rẹ̀ méjèèjì, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn yí i ká.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi ara balẹ̀ kà á. Mo ń retí èsì yín kí ọjọ́ náà tó pé.

Èmi ni tiyín, ọmọ ìlú yìí lójú méjèèjì,

Melania Hryncewicz,
Dókítà ẹran ọ̀sìn tó ti fẹ̀yìn tì,
ọmọ Jadwiga, ọmọ Klara, ọmọ Auguste.

Mo fọwọ́ sí i pé mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́:
Volkmar Radünz, ọmọ ọmọ Emil.